Kí ẹ tó ra stabiláísà míì: bí ẹ ṣe máa gbé fólítéèjì tó ń wálẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ yín sókè

Bí ẹ bá dúró létí ilé iṣẹ́ gààrí kan ní ọ̀nà Ìlọrin níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, etí nìkan ti tó láti fi mọ̀ pé iná ti rẹ̀. Mọ́tọ̀ tó ń rin ẹ̀gẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kérora, bẹ́líìtì á máa yọ̀, gílóòbù á pọ́n bí ọsàn. Ìyá tó ni ibẹ̀ á pariwo pé, "Ẹ pa á, ẹ pa á, lò kọ́rẹ́ǹtì ti dé!" Wọ́n sì jàre, nítorí bí wọn ò bá pa á, wáyà inú mọ́tọ̀ á jóná, owó rìwáíńdì kì í sì í ṣe owó kékeré.

Láti ìgbà tí mo ti ṣe fírídọ̀mù ni mo ti ń bá àwọn ọlọ́gààrí, àwọn alágbẹ̀dẹ oníná àti àwọn onísọ́mìlì ṣe iná. Ohun tí mo ń rí nígbà gbogbo ni pé bí lò kọ́rẹ́ǹtì bá ti pọ̀, stabiláísà tó tóbi sí i ni wọ́n máa ń lọ rà. Ó ń dùn mí, nítorí stabiláísà kì í dá iná. Bí ó bá rí 180 V tó fẹ́ sọ ọ́ di 230, kọ́rẹ́ǹtì ló máa fi dí i. Ohun èlò tó ń lo 10 A nínú ilé, nǹkan bíi 13 A ni stabiláísà máa fà lórí òpó nítorí rẹ̀. Kọ́rẹ́ǹtì tó lé yìí á tún fa fólítéèjì àdúgbò wálẹ̀, stabiláísà ilé kejì á tún gbé tirẹ̀ sókè, òun náà á tún fà sí i. Bí àdúgbò kan ṣe ń ti ara rẹ̀ sínú kòtò nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Apá kan nínú ohun tó ń fa fólítéèjì yín wálẹ̀ wà nínú ọgbà yín: kọ́rẹ́ǹtì tí mọ́tọ̀ yín ń fà tí kò fi ṣe iṣẹ́ kankan. Ẹ lè wọ̀n ọ́n, ẹ sì lè fi kàpásítọ̀, ohun èlò tí a ń so sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tọ̀, dín in kù. Kílánpù mítà (mítà tó ń há wáyà láti wọn kọ́rẹ́ǹtì), ìwé, bírò àti ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ iná kò gbọdọ̀ ṣí bọ́ọ̀dù fésì mẹ́ta o. Ẹ ṣe ìṣirò yín, kí ẹ pe oníná tó mọṣẹ́ wá kó bá yín ṣe ìyókù.

Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n

Ẹ wọn fólítéèjì níbi tí iná ti wọlé, lẹ́yìn mítà, nígbà mẹ́rin lójúmọ́: ìdájí kí àdúgbò tó jí, ọ̀sán gangan, láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án alẹ́, àti ọ̀gànjọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni kí ẹ ṣe é, ó kéré tán. Ní ọ̀sán àti alẹ́, ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí gbogbo mọ́tọ̀ dákẹ́, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà tí gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ nínú. Ní ètò tiwa, 415 V ló yẹ kó wà láàárín fésì sí fésì, 240 V láàárín fésì sí nútírà.

Ìwé yẹn á bá yín sọ̀rọ̀. Bí ó bá ti ń ka 360 láàárín fésì sí fésì nígbà tí mọ́tọ̀ yín kankan ò ṣiṣẹ́, iná ti rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ó bá ń ka 405 tó wá já sí 375 bí ẹ ṣe tan ẹ̀rọ, wáyà tó wá sọ́dọ̀ yín àti ohun tí ẹ ń fà lórí rẹ̀ ni kí ẹ bi léèrè.

Ẹ wo fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa. Ká ní ẹ rí 390, 372 àti 348. Ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ pín in sí mẹ́ta, ó jẹ́ 370. Èyí tó jìnnà sí 370 jù ni 348, àlàfo wọn jẹ́ 22, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 6 nínú 100. Bí ó bá ti ju ìdá 5 lọ, ẹ má tan mọ́tọ̀ fésì mẹ́ta sí i rárá, nítorí ooru tí àìdọ́gba yẹn ń dá sínú wáyà rẹ̀ ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Ẹ wá ibi tí fírísà, gílóòbù àti ẹ̀rọ wẹ́dà kóra jọ sí lórí fésì kan, kí ẹ pín wọn káàkiri. Bí ó bá jẹ́ láti ìta ni àìdọ́gba náà ti ń bọ̀, ẹ̀sùn tí ẹ máa fi sun ilé iṣẹ́ tó ń pín iná nìyẹn, ìwé yín sì ni ẹ̀rí.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ yẹ ojú ìsopọ̀ wáyà wò. Èyí tó ti dúdú tàbí tó ń ta iná, ẹ pa iná, ẹ gé e, ẹ tún un so. Wáyà tó tín-ín-rín jù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kàpásítọ̀ ò lè sọ wáyà tín-ín-rín di gbọ̀ngbọ̀n.

Agbára àlọ-àbọ̀

Mọ́tọ̀ ń gba agbára méjì lórí wáyà kan náà. Àkọ́kọ́ ni agbára iṣẹ́, òun ló ń yí ẹ̀rọ, kW ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, òun ni mítà ń kà tí ẹ ń sanwó fún. Èkejì ni mò ń pè ní agbára àlọ-àbọ̀, kVAr ni ìwọ̀n tirẹ̀. Mọ́tọ̀ fi ń dá òòfà sílẹ̀ nínú ara rẹ̀, láìsí òòfà yẹn kò lè yí. Ṣùgbọ́n kì í di iṣẹ́. Ó ń wọlé, ó ń jáde, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí 50 Hz ni iná wa.

Ẹ wo píkọ́ọ̀pù tó ń kó ẹ̀gẹ́ láti Ìrẹsà-Adú wá sí ìlú. Ẹ̀gẹ́ la fẹ́, a ò fẹ́ ọkọ̀. Síbẹ̀ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wá kí ẹ̀gẹ́ tó dé, ó sì gbọ́dọ̀ padà lófìfo. Lálọ lábọ̀, ó ń gba ojú ọ̀nà. Bí ọ̀nà bá há, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ló máa dá sílẹ̀, bí kò tilẹ̀ gbé ẹyọ ẹ̀gẹ́ kan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àlọ-àbọ̀ ń ṣe lórí wáyà: ó ń gba àyè, ó ń mú wáyà gbóná, ó ń fa fólítéèjì wálẹ̀.

Iṣẹ́ kàpásítọ̀ ni pé ìgbà tí mọ́tọ̀ bá ń gbà ni òun ń fi sílẹ̀, ìgbà tí mọ́tọ̀ bá ń dá a padà ni òun ń gbà á. Bí ẹ bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ mọ́tọ̀, ìrìn-àjò náà á di ti àárín àwọn méjèèjì. Kò tún ní máa rìn títí dé ìdí tiransifọ́má.

Bí àwọn tó ń darí iná orílẹ̀-èdè ṣe ń rò ó náà nìyẹn. Iná tí Kainji ti ń pèsè láti 1968 ń gba wáyà 330 kV kọjá, agbára iṣẹ́ sì lè rin ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ láìṣe wàhálà púpọ̀. Àlọ-àbọ̀ ò fẹ́ ìrìn-àjò jíjìn. Bí ó bá ṣe ń rìn tó ló ṣe ń fa fólítéèjì wálẹ̀ tó. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká máa pèsè rẹ̀ nítòsí ibi tí a ti ń lò ó.

Ìṣirò rẹ̀

Iye tí mo kọ sínú ìwé mi ní ilé iṣẹ́ gààrí ọ̀nà Ìlọrin yẹn ni mo máa lò. Mọ́tọ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, 7.5 kW méjì àti 5.5 kW kan. Nígbà tí gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́, fésì sí fésì ń ka 360 V, wáyà kọ̀ọ̀kan ń gbé 32 A.

Láti mọ agbára iṣẹ́, ẹ ka yúnítì tó kù lórí mítà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà gééré, kí ẹ tún un kà. Ẹ fi 10 sọ ìyàtọ̀ náà di púpọ̀. Tiwọn fi 1.5 lọ sílẹ̀, ó já sí 15 kW.

Ẹ wá ṣe èyí: 360 × 32 × 1.732 ÷ 1000. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 20, kVA la ń pè é, òun ni gbogbo ẹrù tó wà lórí wáyà. 15 nínú 20 jẹ́ 0.75. Páwà fákítọ̀ wọn nìyẹn: nínú ẹrù mẹ́rin tí wáyà gbé, mẹ́ta péré ló di iṣẹ́.

Àlọ-àbọ̀ rẹ̀ ńkọ́? 20 × 20 jẹ́ 400. 15 × 15 jẹ́ 225. Ẹ yọ èyí kúrò nínú èyí, ó ku 175, gbòǹgbò rẹ̀ (√) jẹ́ 13.2 kVAr. Bí a bá fẹ́ kí páwà fákítọ̀ dé 0.95, ẹ fi 0.33 sọ kW di púpọ̀: 15 × 0.33 jẹ́ 4.9. Ìyẹn ni àlọ-àbọ̀ tí a lè fi sílẹ̀ lórí wáyà. 13.2 dín 4.9 jẹ́ 8.3 kVAr, òun ni kàpásítọ̀ gbọ́dọ̀ pèsè. Ẹ má lé e dé 1. Mọ́tọ̀ kan máa ń sinmi, ẹ̀gẹ́ máa ń tán, bí kàpásítọ̀ bá sì ti ju ohun tí mọ́tọ̀ ń fẹ́ lọ, ẹ ti dá ìṣòro òdìkejì sílẹ̀.

Rírà rẹ̀

Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń ṣìṣe. Iye kVAr tí wọ́n kọ sára kàpásítọ̀ wà fún fólítéèjì tí wọ́n kọ sí i lára. Bí fólítéèjì bá wálẹ̀, agbára rẹ̀ á wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìdajì fólítéèjì, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára. Èyí tí wọ́n kọ 440 V sí ni mo máa ń rà, kó lè fara da fólítéèjì òru. Ní 360 V, 360 ÷ 440 jẹ́ 0.82, ẹ fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ 0.67. Nítorí náà 12.5 kVAr ni a rà kí a tó rí 8.4 lò.

Àìlera kàpásítọ̀ nìyí, ìgbà tí ẹ nílò rẹ̀ jù ló ń rẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje 1987, ooru mú ní Tokyo, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ káàkiri, lẹ́yìn àsìkò oúnjẹ ọ̀sán ẹrù tún ga sí i kíákíá. Fólítéèjì ń wálẹ̀ bí wọ́n tilẹ̀ ti tan kàpásítọ̀, títí iná nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.8 oníbàárà fi lọ. Bí ti Tokyo bá rí bẹ́ẹ̀, ká má fi kàpásítọ̀ tó kéré tan ara wa jẹ.

Ọ̀rọ̀ kan rèé tó kàn mí lọ́kàn. Àpótí kékeré tí wọ́n ń polówó pé kí ẹ kì sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kí owó iná lè dín kù sí ìdajì, ẹ má rà á. Ìyá ọlọ́gààrí bi mí ní ìbéèrè yìí gan-an, wọ́n ní, "Ẹnjiníà, ṣé owó yúnítì wá máa dín kù báyìí?" Mo ní, "Màmá, agbára iṣẹ́ ni mítà yín ń kà, bí ẹ̀gẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ni. Ohun tó máa dín kù ni ooru wáyà yín àti owó rìwáíńdì." Wọ́n ní rìwáíńdì nìkan ti tó àwọn.

Síso rẹ̀

A pín 12.5 náà: 2.5 sí ẹ̀gbẹ́ mọ́tọ̀ kọ̀ọ̀kan, 5 sí bọ́ọ̀dù ńlá pẹ̀lú kọ́ńtákítọ̀ (súwíìṣì tí iná ń tàn tó sì ń pa) tirẹ̀. Ti mọ́tọ̀ ń wọlé pẹ̀lú mọ́tọ̀, ó ń jáde pẹ̀lú rẹ̀. Ti bọ́ọ̀dù kì í wọlé àfi bí mọ́tọ̀ méjì bá ti ń ṣiṣẹ́.

Kí ló dé tí a ò fi 5 sí ẹ̀gbẹ́ mọ́tọ̀ 7.5 kW? Ẹ tú bẹ́líìtì rẹ̀, ẹ tan án lófìfo nígbà tí iná bá dára, ẹ wọn kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀. Tiwọn fa 6 A ní 415 V, ìyẹn 4.3 kVAr. Kàpásítọ̀ tó bá mọ́tọ̀ gbé kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 90 nínú 100 rẹ̀ lọ, ìyẹn 3.9, bẹ́ẹ̀ 5 yẹn á pèsè 4.4 ní 415 V. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí mọ́tọ̀ ṣì ń yí pẹ̀lú kàpásítọ̀ tó tóbi jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mọ́tọ̀ náà á di jẹnẹrétọ̀ fún ìgbà díẹ̀, fólítéèjì á fò sókè. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa, ẹ má fi èyí ṣeré.

Ẹ lo kọ́ńtákítọ̀ tí wọ́n ṣe fún kàpásítọ̀, nítorí kọ́rẹ́ǹtì àkọ́tàn rẹ̀ le. Kọ́ńtákítọ̀ lásán á tètè jóná lójú. Kàpásítọ̀ 5 kVAr ní 440 V ń gbé 6.6 A, kí wáyà àti fíúsì rẹ̀ gbà tó ìlọ́po kan àtààbọ̀ iye yẹn, 10 A. Bí ẹ bá so kàpásítọ̀ sáàárín ófálóòdù (ohun tó ń pa mọ́tọ̀ bí kọ́rẹ́ǹtì bá pọ̀ jù) àti mọ́tọ̀, kọ́rẹ́ǹtì tí ófálóòdù ń rí ti dín kù nìyẹn, ẹ tún un sẹ́ẹ̀tì wálẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mọ́tọ̀ á jóná lójú rẹ̀. Mọ́tọ̀ tó ń lo sítátà star-delta tàbí ẹ̀rọ VFD tó ń darí eré, ẹ má so kàpásítọ̀ mọ́ ọn rárá. Ti bọ́ọ̀dù ni kí ẹ lò.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, a pa bírékà ní ibì kan, mo sì ki ọwọ́ bọ inú bọ́ọ̀dù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Iná ti lọ, ṣùgbọ́n kàpásítọ̀ ò tíì lọ. Ó jù mí sẹ́yìn, apá ọ̀tún mi sì wúwo títí di ọjọ́ kejì. Láti ọjọ́ náà, òfin mi nìyí: ẹ pa á, ẹ ti bírékà pa kí ẹlòmíì má bàa tan án, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n láàárín orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Kàpásítọ̀ tí kò ní rẹsísítọ̀ tó ń tú iná inú rẹ̀ dànù, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Lẹ́yìn tí a tan gbogbo rẹ̀, 32 A di 25 A. Iṣẹ́ kan náà, ẹ̀gẹ́ kan náà. Ooru tó ń ṣòfò lórí wáyà náà dín kù ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ.

Òru àti jẹnẹrétọ̀

Bí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀, kí kàpásítọ̀ bọ́ọ̀dù jáde. Ẹ so kọ́ńtákítọ̀ rẹ̀ mọ́ ìhà iná ìjọba lára ṣéńjí-ófà kó má jẹ́ ohun tí ènìyàn ń rántí. Kàpásítọ̀ tó pọ̀ jù máa ń gba ìṣàkóso lọ́wọ́ AVR, ohun tó ń darí fólítéèjì jẹnẹrétọ̀, fólítéèjì á ga, ohun èlò á sì jóná.

Ní òru, nígbà tí àdúgbò ti sùn, fólítéèjì máa ń gòkè. Kàpásítọ̀ tí wọ́n gbàgbé sí títàn á tún gbé e sókè sí i. Fólítéèjì tó ga jù náà léwu: ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin 2025, òun ló fa iná ọ̀pọ̀ ibi ní Sípéènì àti Pọtogí wọlẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ẹ rí i pé kò sí kàpásítọ̀ kan tó ń dá ṣiṣẹ́ nígbà tí mọ́tọ̀ sùn.

Gbogbo àdúgbò

Ohun tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ rẹ̀ fún yín ni iye tí fólítéèjì máa fi gòkè. Ká ní ilé iṣẹ́ yín wà ní ìparí wáyà alumíníọ́mù 100 mm² tó gùn ní 500 mítà. 8.4 kVAr yẹn á gbé fólítéèjì yín sókè ní nǹkan bíi 3 sí 4 V péré. Ó kéré. Ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ márùn-ún irú tiyín bá wà ní ìparí wáyà yẹn, àwọn márààrùn-ún pọ̀ ló fa 415 di 360, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló sì jẹ́ ẹ̀bi àlọ-àbọ̀. Bí gbogbo wọn bá fi kàpásítọ̀ sí i, fólítéèjì á gòkè ní nǹkan bíi 17 V fún olúkúlùkù wọn, títí kan ìyá tó ń ta yìnyín tí kò ra nǹkan kan. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Nítorí náà, ẹ fi ìwé yín han aládùúgbò, ẹ wọn tiwọn fún wọn, kí ẹ jọ rà á.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ń pín iná, kí ẹ fi àkọsílẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta yín sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tiransifọ́má àdúgbò ní táàpù (ibi tí wọ́n ti ń yí fólítéèjì rẹ̀) márùn-ún, ìṣísẹ̀ kan jẹ́ ìdá 2.5 nínú 100, ìyẹn 6 V lórí 240. Àwọn nìkan ló lè yí i, pípa ni wọ́n sì máa pa tiransifọ́má kí wọ́n tó yí i. Ẹ béèrè iye tó ń kà ní ọ̀gànjọ́ kí wọ́n tó gbé e sókè, nítorí táàpù kì í mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta

Ẹ padà wá pẹ̀lú kílánpù mítà. Ní 415 V, kàpásítọ̀ 5 kVAr yẹn yẹ kó ka nǹkan bíi 6.2 A lórí wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ó bá ju 8 A lọ, ínfátà tàbí VFD kan nítòsí ń da ìgbì iná rú, ẹ yọ kàpásítọ̀ náà kúrò kó tó wú. Bí kíkà wáyà kan bá yàtọ̀ púpọ̀ sí ti méjì yòókù, apá kan nínú rẹ̀ ti kú. Ẹ pa á, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.